Ìwé Àbájáde Àwòrán Ọrùn Yín Ti Dé: Bí Ẹ Ṣe Máa Kà Á Kí Àyà Yín Tó Já

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí fọ́tò irú ìwé yìí kì í wọlé sórí WhatsApp mi. Orúkọ ilé àyẹ̀wò wà lókè, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí ahọ́n ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀ ló kún àárín. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní egungun ọrùn mi ti ń jẹ. Ṣé mi ò ní yarọ báyìí?"

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun, ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta níbí. Èmi kọ́ ni mò ń ya àwòrán, èmi kọ́ ni mò ń ṣe abẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni ọ̀pọ̀ ọrùn ń bọ́ sí nígbà tí ìwé bá ti dé tán. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo kó jọ síbí. Kò rọ́pò dókítà yín. Ó kàn máa jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í ni.

## Ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná

Mo mọ̀ pé ìwé lẹ fẹ́ kà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín la máa kọ́kọ́ kà.

Ìyá aládìrẹ kan wá bá mi láti Ìtòkú nígbà kan. Èékánná wọn dúdú fún aró. Ọrùn kò dùn wọ́n. Ohun tó gbé wọn wá ni pé ìko tí wọ́n fi ń di aṣọ kò le mọ́: wọ́n á so kókó kan, wọ́n á fà á, kí wọ́n tó so èkejì, àkọ́kọ́ á ti tú. Wọ́n ní ìko òde òní ni kò dáa, wọ́n ti pààrọ̀ ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó tẹ̀ lé wọn wá ló dá sí i pé sálúbàtà máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ màmá lójú ọ̀nà, wọn kì í sì í mọ̀ àfi tí wọ́n bá tẹ òkúta. Nígbà tí àwòrán dé, egungun tó hù ti fún okùn mùdùnmúdùn tó ń gba inú ọrùn wọn kọjá, èyí tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni awakọ̀ Micra kan sunkún níwájú mi nítorí ìrora apá. Kò lè sùn, kò lè yí sítíárì. "Severe", ìyẹn "gan-an", wà nínú ìwé tirẹ̀ níbi mẹ́ta. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ó ti padà sí ìdí ọkọ̀ láìsí abẹ. Ìyá aládìrẹ tí kò ní ìrora ni wọ́n sáré kọ̀wé ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, ìrora kọ́ la fi ń wọn ọ̀rọ̀ ọrùn. Ẹ dán àwọn wọ̀nyí wò nílé, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín:

1. Ṣí ọwọ́, pa ọwọ́. Ẹ na apá kan síwájú, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀. Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ tún la gbogbo ìka gbayawu, kíákíá, fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Kí ẹlòmíràn máa kà á. Ẹni tí okùn ọrùn rẹ̀ dá ṣáṣá sábà máa ń ṣe é tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe ọwọ́ kejì náà.
2. Iṣẹ́ ìka. Ẹ de bọ́tìnnì, ẹ ka owó náírà, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: ṣé ó ti nira ju ti ọdún tó kọjá lọ? Báńkì tó sọ pé bí ẹ ṣe fọwọ́ sí ìwé kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́ lè ti rí nǹkan tí ẹ̀yin kò rí.
3. Rírìn lójú ìlà. Ẹ súnmọ́ ògiri. Ẹ gbé gìgísẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ìṣísẹ̀ 10. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lè ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbí láìsí pé ọrùn ló fà á, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.
4. Títẹ orí ba. Ẹ rọra sún àgbọ̀n yín sí àyà. Bí nǹkan bá ta yín bí iná NEPA láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀, ẹ má tún un ṣe mọ́. Ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ lọ rí dókítà lónìí tàbí lọ́la, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, bí:

- nǹkan bá ti ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, tàbí ẹsẹ̀ wúwo, tó ń gbọ̀n, tó ń kọsẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ
- ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń yọ láìmọ̀, tàbí ìtọ̀ kọ̀ láti jáde
- apá bá ń rọ sí i lójoojúmọ́
- ìrora ọrùn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà tàbí tí ọkọ̀ kọ lu yín
- ibà, òógùn òru tàbí rírù bá wà pẹ̀lú rẹ̀ (ikọ́ ife máa ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn, kò mọ sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan), tàbí ẹ ti ní jẹjẹrẹ rí, pàápàá ti ọmú tàbí ti prostate

Bí ẹ kò bá rí ìkankan nínú rẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ lè wá gbé ìwé wàyí.

## Ihò méjì péré ni ọ̀rọ̀ náà dá lé

Egungun ọrùn jẹ́ 7. Ìwé ń pè wọ́n ní C1 dé C7, láti abẹ́ agbárí wá sí èjìká. Tìmùtìmù kan wà láàárín egungun kan àti èkejì, òun ni wọ́n ń pè ní disc. C1 àti C2 nìkan ni kò ní láàárín wọn.

Tìmùtìmù yẹn dà bíi fóòmù àga Micra. Ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i, ó kún fọ́fọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí gbogbo èrò Pànṣẹ́kẹ́ sí Láfẹ́ńwá ti jókòó lé e, ó ti pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ ti yọ síta. Ọkọ̀ ṣì ń ná.

Ihò àárín wà lẹ́yìn tìmùtìmù. Ibẹ̀ ni okùn mùdùnmúdùn ń gbà, okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìwé ń pè é ní cord, ó sì ń pe ihò yẹn ní canal. Ihò ẹ̀gbẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka iṣan tó ti ara okùn yìí wá ti ń yọ lọ sí apá. Ìwé ń pè é ní foramen.

Bí nǹkan bá dí ihò ẹ̀gbẹ́, apá á máa ta, ìka á kú tipiri. Ó máa ń dunni gan-an, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Èyí ni ti awakọ̀ yẹn. Bí nǹkan bá fún ihò àárín pa, ó lè má dunni rárá, kò sì yẹ kí a fi falẹ̀. Èyí ni ti ìyá aládìrẹ.

## Bí ẹ ṣe máa ka ìwé náà

1. Orúkọ, ọjọ́ orí, ọjọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ẹni tó ń fi ìwé ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà jẹ oògùn. Ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sì lè sọ ohun tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó kọjá.
2. Irú àwòrán wo ni? X-ray ń fi egungun hàn, kò lè fi okùn tàbí tìmùtìmù hàn. CT ń fi egungun hàn fínnífínní. MRI ló ń fi tìmùtìmù, okùn àti ẹ̀ka iṣan hàn. Bí ìwé X-ray bá ní "disc space narrowing", àlàfo ló rí. Kò rí tìmùtìmù fúnra rẹ̀.
3. Ẹ fo ibi tí wọ́n kọ "Technique" sí. Bí wọ́n ṣe ya àwòrán ló wà níbẹ̀. Ohun kan péré ló yẹ kí ẹ mọ̀: lórí T2, omi máa ń funfun, ìyẹn ni tìmùtìmù tó ti gbẹ ṣe máa ń dúdú.
4. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀, sí "Impression" tàbí "Conclusion". Ohun tó ká dókítà àwòrán lára jù ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó padà sí "Findings" lókè. Àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni ẹ̀rù máa ń ti pa kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀.
5. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà "cord". Bí ó bá jẹ́ "no cord compression", kò sí ohun tó fún okùn. "Normal cord signal" ní tirẹ̀ ń sọ pé àwọ̀ okùn kò tíì yí padà lórí àwòrán, kò sọ pé kò sí ohun tó fún un. Bí ẹ bá rí "cord compression", "myelomalacia" tàbí "cord signal change", ẹ pe dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí, kódà bí kò bá sí ibi kankan tó ń dùn yín.
6. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó wà. "C5/C6" túmọ̀ sí àárín egungun karùn-ún àti ìkẹfà. "Left" ni òsì, "right" ni ọ̀tún, "bilateral" ni tọ̀tún tòsì. C5/C6 àti C6/C7 ló máa ń gbó jù nínú ọrùn, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni.
7. Mild, moderate, severe. Díẹ̀, níwọ̀nba, gan-an. Bí ihò ṣe há tó ni wọ́n fi ń sọ. Bí ìrora ṣe tó kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wo fíìmù fúnra yín: èyí tó gé ọrùn bí ẹni ń gé iṣu, apá òsì rẹ̀ ni apá ọ̀tún yín. Ọ̀pọ̀ ló ti bá ara wọn jà lé èyí lórí.

## Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lé oorun lọ

Degenerative. Òun ni ọ̀gá wọn. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí pé egungun ń jẹrà, wọ́n á sì ti máa pín ogún. Gbígbó ló túmọ̀ sí. Ní ọdún 2015, àwọn dókítà ní Japan tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 1,211 tí kò ní àmì àìsàn ọrùn kankan. Wọ́n fi MRI wo ọrùn gbogbo wọn. Nínú 100, bí 88 ni tìmùtìmù wọn ti yọ síta níbì kan tàbí òmíràn, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ọdún 20 sí 29 sì wà nínú wọn. Bí a bá yọ èrò mẹ́wàá nínú bọ́ọ̀sì ní Kútọ̀ lónìí, tí a kì wọ́n bọ ẹ̀rọ, ìwé mélòó ni ẹ rò pé ó máa mọ́?

Spondylosis. Gbígbó yẹn náà ni wọ́n tún fún lórúkọ mìíràn. Àwọn àgbà máa ń pè é ní làkúrègbé ọrùn, wọn kò sì jìnnà sí òótọ́.

Desiccation. Omi inú tìmùtìmù ti dín kù. Ẹ má wulẹ̀ máa mu omi jálá-jálá láti fi rọ́pò rẹ̀. Omi tí ẹ mu kò ní gba ibẹ̀ lọ.

Straightening, loss of lordosis. Ọrùn tó yẹ kó tẹ̀ díẹ̀ ti gún gbọọrọ. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹ sùn nínú ẹ̀rọ tàbí iṣan tó le lè fà á. Òun nìkan kì í ṣe àìsàn.

Osteophyte. Egungun tó hù létí, bí ara ṣe ń gbìyànjú láti di ibi tó ń mì mú. Bó bá hù sí ibi tó ṣófo, kò sóhun tó kàn án. Ó di ọ̀ràn bó bá hù wọ inú ihò méjèèjì yẹn.

Bulge, protrusion, extrusion. Bulge ni pé tìmùtìmù yọ yíká. Protrusion ni pé ó yọ lójú kan. Extrusion ni pé inú rẹ̀ ya jáde. Ẹ gbọ́ èyí o: èyí tó ya jáde, tó ń bani lẹ́rù jù, ni ara sábà máa ń jẹ kù fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Indenting the thecal sac. Ó ti kan awọ àti omi tó yí okùn ká. Kíkan awọ kọ́ ni fífún okùn. Ẹ wo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Foraminal stenosis. Ihò ẹ̀gbẹ́ há.

Canal stenosis. Ihò àárín há. Àwọn mìíràn máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: bí ó bá ti wá sílẹ̀ ju mílímítà 13 lọ, wọ́n á ní ó ti há, bí kò bá tó 10, ó há gan-an. Síbẹ̀, bí okùn fúnra rẹ̀ ṣe rí àti ìdánwò ọwọ́ òun ẹsẹ̀ lókè yẹn ju nọ́ńbà lọ.

Haemangioma. Ẹ máa rí i níbẹ̀ nígbà mìíràn. Òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó lọ́ jọ sínú egungun ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Jẹjẹrẹ kọ́.

## Ẹ fi ìwé wé apá yín

Egungun ọrùn jẹ́ 7 lóòótọ́, ẹ̀ka iṣan rẹ̀ jẹ́ 8. Ìdí nìyẹn tí tìmùtìmù C5/C6 fi ń yọ iṣan C6 lẹ́nu, tí C6/C7 ń yọ C7 lẹ́nu. Bí ẹ ṣe máa fi wé e nìyí:

- C4/C5: òkè èjìká. Apá kò fẹ́ gòkè, aṣọ ṣòro ún bọ̀ sọ́rùn.
- C5/C6: àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ọrùn ọwọ́ kò lágbára láti gbé ara rẹ̀ sókè.
- C6/C7: ìka àárín. Apá kò lè ti ilẹ̀kùn dáadáa.
- C7/T1 (T1 ni egungun ẹ̀yìn àkọ́kọ́, lábẹ́ C7): ìka òrùka àti ìka kékeré. Ìdìmú kò le.

Àwọn iṣan yìí máa ń wọ agbègbè ara wọn, kì í ṣe ààlà ilẹ̀ tí wọ́n rì ní kọnkéré. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ní C6/C7 lápá òsì, tó sì jẹ́ pé àtàǹpàkò ọ̀tún yín ló ń kú, ìwé yẹn kọ́ ló ń ṣe yín. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà.

Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ tó kú ló ti ọrùn wá. Bó bá jẹ́ òru ló ń jí yín, tí ẹ ní láti gbọn ọwọ́ kó tó wálẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn aránṣọ, àwọn onídìrí àti àwọn aboyún. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń jó bí iná, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà kí ẹ tó ná owó MRI.

## Ibi tí a ti máa ń ṣì í ṣe

Kí wọ́n fi ọrùn dún. Èmi náà ti ṣe é rí kí n tó kọ́ṣẹ́. Bábà gẹ̀rígẹ̀rí gẹ irun tán, ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n mi mú, ó fi èkejì di ìpàkọ́ mú, ó ní "ẹ sinmi, ọ̀gá", gbàgà! Ó dùn, n kò ní parọ́. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ ń gba inú egungun ọrùn kọjá. Bí ó bá ya, rọpá-rọsẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹni tí ihò àárín rẹ̀ ti há kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ lọ́ ọrùn òun rárá, ì báà jẹ́ onígbàjámọ̀, ì báà jẹ́ oníṣègùn egungun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kọ́là tí kì í kúrò lọ́rùn. Ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí ìrora le, ó dáa. Bó bá di oṣù méjì, iṣan ọrùn á ti di ọ̀lẹ. Ti ẹni tó ní jàǹbá ọkọ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe abẹ yàtọ̀. Ohun tí dókítà bá sọ ni kí ó tẹ̀ lé.

Oògùn àdàlù. Ẹ má jẹ diclofenac mọ́ ibuprofen. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọlọ́gbẹ́ inú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ dá wọn lò. Ẹ má sì fi agbo ọlọ́tí tẹ̀ lé e. Paracetamol onímílígíráàmù 500 kò gbọdọ̀ ju 8 lọ fún àgbà láàárín wákàtí 24. Àwọn hóró kékeré tí kẹ́mísìtì máa ń dì sínú ọ̀rá, tí ìrora gbogbo á lọ lọ́jọ́ kejì, tí ojú yín á sì wú lóṣù kejì? Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, dexamethasone ló wà níbẹ̀, oògùn steroid tó ń wú ojú bẹ́ẹ̀.

Àwòrán lẹ́yìn àwòrán. Bí ara bá ń yá, kò sídìí láti tún un ya láti wò ó bóyá tìmùtìmù ti wọlé. Ara lè yá kí àwòrán má yí padà.

Sísá fún abẹ, tàbí sísáré sí i. Awakọ̀ tó fẹ́ ta ilẹ̀ láti fi ṣe abẹ ìrora ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń yára jù. Ìyá tí okùn rẹ̀ ti há, tó ń dúró de àdúrà ọgbọ̀n ọjọ́, ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣeré. Abẹ okùn, kó má baà burú sí i ló wà fún jù. Ohun tó ti lọ lè padà, ó sì lè má padà tán. Ẹ gba àdúrà o, kí ẹ gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

## Bí kò bá sí àmì ewu: ohun tí ẹ máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

1. Ẹ sọ ẹrù orí kalẹ̀. Garawa omi, igi ìdáná, aṣọ aró tútù. Ọmọlanke tàbí kẹ̀kẹ́ ni kó gbé e. N kò ní kí ẹ má ṣe é títí ayé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ní.
2. Ẹ gbé iṣẹ́ sókè. Ẹni tó ń tẹríba sórí aṣọ, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí fóònù fún wákàtí mẹ́rin ń gbé orí rẹ̀ lérí iṣan ọrùn lásán. Ẹ fi nǹkan sábẹ́ tábìlì. Ẹ dìde rìn kiri ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
3. Ìrọ̀rí kan. Kí ọrùn bá ẹ̀yìn dọ́gba. Ẹ má dojú bolẹ̀ sùn.
4. Fífa àgbọ̀n sẹ́yìn. Ẹ jókòó gúngún, ẹ wo iwájú, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìtẹríba, bí ìgbà tí ẹni tó jẹ àlùbọ́sà bá súnmọ́ yín jù. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.
5. Fífún èjìká pọ̀. Ẹ fa egungun pẹlẹbẹ méjèèjì ẹ̀yìn yín súnmọ́ra bí ẹni fẹ́ fún ọsàn sáàárín wọn. Iye kan náà.
6. Ẹ máa rìn, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ẹ má dùbúlẹ̀ ti ọrùn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá eré ìdárayá yìí bá yín lára mu: bí ìrora bá ń kúrò ní ìka, tó ń padà sí ìgbọ̀nwọ́, tó ń padà sí èjìká, ó ń lọ sílé nìyẹn, kódà bí èjìká bá dùn díẹ̀ sí i. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀ sí ìka, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ wá bá wa ní ẹ̀ka físíò.

## Bí ẹ kò bá tíì ya MRI, tàbí tí owó kò sí

Láìsí àmì ewu, ọ̀pọ̀ dókítà kì í béèrè MRI kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ìtọ́jú tó pé. Òòlù kékeré tó fi ń lu orúnkún àti ọwọ́ tó fi ń dán agbára yín wò lè sọ púpọ̀ fún un. Nítorí náà, àìsí owó MRI kì í ṣe àìsí ìtọ́jú. Bí àmì ewu bá wà, ẹ má fi owó ra X-ray mẹ́ta. Ẹ fi kún owó MRI. Bí ẹ bá wà lábẹ́ adójútòfò ìlera NHIA, ẹ béèrè ohun tó máa san kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ:

- Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn lù, irin nínú egungun, ìfètòsọ́mọbíbí onírin, tàbí irin tó ta sí yín lójú rí níbi iṣẹ́ wẹ́dà.
- Ẹ bọ́ yẹtí, òrùka (ti oògùn náà), ìgbàdí, pín-ìnnì inú wíìgì, fóònù, káàdì ATM.
- Ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì há. Ẹ má mì. Ó máa ń tó bí ìdajì wákàtí. Ẹni tí àyíká híhá máa ń dẹ́rù bà, kó sọ ọ́ ṣáájú.

## Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa rí dókítà

Yálà ilé ìwòsàn Ìdí-Àbà lẹ ń lọ, tàbí Ìjàyè, tàbí Lántòrò, tàbí wọ́n ti kọ̀wé rán yín lọ sí UCH Ìbàdàn tàbí Ìgbóbì l'Ékòó, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ máa ní pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀:

- Ṣé ohun tó wà nínú ìwé yìí bá ibi tó ń dùn mí mu?
- Ṣé nǹkan kan ti kan okùn?
- Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi oṣù mẹ́ta ṣe físíò ná?
- Àmì wo ni mo bá rí tí mo gbọdọ̀ sáré padà wá?
- Bó bá jẹ́ abẹ: kí ni abẹ náà fẹ́ dá dúró, kí sì ni kò lè dá padà?

Ẹ mú ìwé àtijọ́ àti tuntun lọ, oògùn tí ẹ ń lò nínú páálí rẹ̀, àti CD àwòrán náà. Dókítà abẹ kì í fi ìwé nìkan ṣèpinnu, àwòrán gan-an ló fẹ́ wò. Bí ilé àyẹ̀wò kò bá fún yín ní CD, ẹ padà lọ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí ẹ sì má fi dígí awòsẹ̀yìn mọ́tò gbé e kọ́ o. Mo ti rí i.